Ó jọ bàbá rẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n ta ló jọ nínú ẹ̀jẹ̀?

Àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Adó ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mú ìwé àyẹ̀wò genotype wá, èyí tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọmọ wọn lè ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kí àwọn tó fún wọn lọ́jọ́. Ló bá pè mí lórí fóònù, ó ní kí n bá òun bẹ Bọ̀dá wa kó fi fọ́tò ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀ ránṣẹ́. Mo ní kí ló fẹ́ fi ìwé oníwèé ṣe. Ó ní, "Ṣebí èmi àti Bọ̀dá la jọ jẹ́ O positive? Nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀jẹ̀ fún Dádì, ṣebí àwa méjèèjì ni wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wa bára mu. Bọ̀dá sì jẹ́ AA. Kí ni mo tún ń náwó lé lórí?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo dákẹ́, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń ro ó báyìí. Níbi ìsọmọlórúkọ, ìyá àgbà á gbé ọmọ tuntun sókè, á wo imú rẹ̀, á ní, "Gbogbo nǹkan bàbá rẹ̀ ló kó." Láti orí imú, ọ̀rọ̀ á dé orí ìwà, á sì dé orí àìsàn: bí ara bàbá bá le, ara ọmọ tó jọ ọ́ á le. Òwe wa gan-an ń tì wá síbẹ̀: ọmọ tí kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ á rò pé odindi ṣòkòtò tàbí odindi kíjìpá ni wọ́n ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wù tí wọ́n fi aṣọ méjèèjì gé papọ̀ rán ni ọmọ, èyí tí wọ́n sì fi ṣe apá rẹ̀ kò sọ èyí tí wọ́n máa fi ṣe ọrùn.

Mi ò ṣàlàyé kankan lórí fóònù. Mo ní kó wá bá mi nílé Màmá ní Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, torí mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi hàn án.

Àkùkọ kan wà lágbàlá Màmá tí àwọn ọmọ àdúgbò sọ ní Sọ́jà. Nǹkan méjì ló yà á sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́, ọrùn rẹ̀ pá. Awọ pupa lásán lèèyàn ń rí láti abẹ́ àgbọ̀n títí dé èjìká, àfi ìyẹ́ díẹ̀ tó ṣù jọ níwájú, tó dà bíi táì. Ìkejì, ìyẹ́ ara rẹ̀ ká síta, bí ẹni pé ìjì fẹ́ ẹ láti ẹ̀yìn tí kò sì padà sípò mọ́. Abo adìyẹ tó ń gùn ní tirẹ̀ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìyẹ́ bo ọrùn rẹ̀ dáadáa, gbogbo ìyẹ́ ara rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọmọ mọ́kànlá ló kù nínú èyí tí abo yìí pa, wọ́n sì ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó yẹ kí wọ́n tó bẹ́ẹ̀, torí ọrùn pípá máa ń hàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa òròmọdìyẹ, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kíká kì í hàn nígbà tí ara wọn ṣì rí bí òwú. Ó di ìgbà tí ìyẹ́ gidi bá ń hù. Kí n tó da àgbàdo sílẹ̀ láti pè wọ́n, mo bi àbúrò mi pé, "Èyí tí ọrùn rẹ̀ bá pá nínú wọn, ṣé ìyẹ́ rẹ̀ máa ká?" Ó ní, "Ó máa ká nìyẹn. Ṣebí Sọ́jà ló jọ."

A kà wọ́n. Mẹ́ta ló ní ọrùn pípá àti ìyẹ́ kíká bíi ti bàbá wọn. Méjì ní ọrùn pípá, ṣùgbọ́n ìyẹ́ wọn tẹ́ bíi ti ìyá wọn. Mẹ́rin ní ìyẹ́ kíká, ọrùn wọn ò sì pá rárá. Méjì tó kù kò mú nǹkan kan lára Sọ́jà tí èèyàn lè fojú rí. Àbúrò mi tún wọn kà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnu yà á jù sí àwọn méjì tí ọrùn wọn pá tí ìyẹ́ wọn tẹ́. Ó ní wọ́n dà bí ẹni tó wọ kóòtù láìwọ ẹ̀wù sábẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Gbogbo àbùdá àjogúnbá ní àṣẹ tó ń darí rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, òun là ń pè ní jíìnì. Orí àwọn okùn tín-ín-rín kan ni jíìnì máa ń jókòó sí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chromosome. Ní méjì-méjì ni okùn wọ̀nyí máa ń wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nítorí náà, ẹ̀dà méjì ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní fún ọ̀pọ̀ jíìnì. Sọ́jà ní ẹ̀dà kan tó ń sọ pé kí ọrùn pá, ó ní èkejì tó ń sọ pé kí ìyẹ́ bò ó. Báwo ni mo ṣe mọ̀? Táì ọrùn rẹ̀ yẹn ló tú u fó. Adìyẹ tó bá gba ẹ̀dà ọrùn pípá lápá ìyá àti lápá bàbá kì í sábà ní irú ìyẹ́ ṣíṣù bẹ́ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ á pá kanlẹ̀ ni. Bákan náà ló rí fún ìyẹ́ kíká: ẹ̀dà kan ló ní.

Tí Sọ́jà bá wá fẹ́ bímọ, kò lè kó ẹ̀dà méjèèjì fún ọmọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa wọ inú àtọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdajì àtọ̀ á gbé ọrùn pípá, ìdajì ò ní gbé e. Ìdajì á gbé ìyẹ́ kíká, ìdajì ò ní gbé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń yí èèyàn lójú rèé: àtọ̀ tó gbé ọrùn pípá kò tìtorí ìyẹn sún mọ́ ìyẹ́ kíká, kò sì jìnnà sí i. Orí okùn ọ̀tọ̀ ni jíìnì ọrùn wà, orí okùn ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹ́ wà, nígbà tí wọ́n sì ń pín, okùn kan kì í bèèrè lọ́wọ́ èkejì pé ọ̀nà wo lo gbà. Bí a bá wá ní ìdajì lọ́nà ìdajì, ìdá mẹ́rin la ní, ìdí sì nìyẹn tí irú ọmọ mẹ́rin fi wà lágbàlá. Pé wọn ò pé iye kan náà kò dí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ ka irú nǹkan yìí tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni Gregor Mendel, ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàngbé ìjọ Àgùdà ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Kì í ṣe adìyẹ ló lò. Pea ló gbìn, àwọn hóró róbótó aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń dà sínú ìrẹsì olóòróró níbi òde. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1856, ó sì ṣe é fún bí ọdún mẹ́jọ. Ó mú pea tí hóró rẹ̀ rí róbótó tó sì ní àwọ̀ ìyeyè, ó so ó pọ̀ mọ́ èyí tí hóró rẹ̀ hunjọ tó sì ní àwọ̀ ewé. Gbogbo ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ róbótó, wọ́n sì ní àwọ̀ ìyeyè bíi pupa inú ẹyin adìyẹ tí wọ́n sè. Hínhunjọ àti àwọ̀ ewé dàwátì. Ó wá jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn fúnra wọn so. Hóró 556 ló kó jọ lára igi 15: 315 jẹ́ róbótó aláwọ̀ ìyeyè, 101 hunjọ ṣùgbọ́n ó ní àwọ̀ ìyeyè, 108 jẹ́ róbótó ṣùgbọ́n ó ní àwọ̀ ewé, 32 hunjọ ó sì ní àwọ̀ ewé.

Ẹ wo 101 àti 108 yẹn. Hóró wọ̀nyẹn kò jọ bàbá àgbà, wọn ò jọ ìyá àgbà. Ara èyí ni wọ́n ti mú ìrísí, ara tọ̀hún ni wọ́n ti mú àwọ̀. Ohun tí Mendel fi ń gbéraga nìyẹn, bí ajẹ́jẹ̀ẹ́ bá ń gbéraga. Ó ka iṣẹ́ náà fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlú rẹ̀ lọ́dún 1865, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó kà á sí. Ó kú ní 1884. Ó di ọdún 1900 kí àwọn onímọ̀ mìíràn tó tún bá ohun kan náà pàdé, tí wọ́n wá rí i pé ẹnìkan ti sọ ọ́ ṣáájú.

Ká padà sí ìwé àyẹ̀wò. Mo fura pé álífábẹ́ẹ̀tì gan-an ló ń da àwọn èèyàn rú. Lórí bébà kan náà, wọ́n á kọ "Genotype: AA", wọ́n á kọ "Blood group: A" sí abẹ́ rẹ̀. Ta ni kò ní rò pé A òkè àti A ìsàlẹ̀ jẹ́ tẹbí tará? Wọn ò bára tan rárá. A ti genotype ń sọ irú èròjà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa wa, èyí tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara. Bí ó bá jẹ́ S lápá méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ pupa á máa tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé, òun ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. A ti blood group ń sọ irú àmì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ látìta, èyí tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí èèyàn lára. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ẹni méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Ayọ̀: ọ̀kan ń gbé Ìjerò, ọ̀kan ń gbé Ìkọlé, wọn ò mọra wọn rí.

Ibi tí wọ́n ń gbé gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Okùn méjì-méjì lọ́nà 23 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, wọ́n sì fún wọn ní nọ́ńbà. Jíìnì tó ń pinnu A, S tàbí C inú genotype wà lórí okùn 11. Ti A, B, O wà lórí okùn 9. Positive àti negative tó ń tẹ̀ lé e wà lórí okùn 1. Ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Wàyí o, ilé tiwa. Dádì jẹ́ AS, blood group rẹ̀ sì jẹ́ A. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà O kan fara pamọ́ sẹ́yìn A yẹn, a mọ̀ torí ó bí ọmọ tó jẹ́ O. Màmá jẹ́ AA, blood group rẹ̀ sì jẹ́ O. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Màmá pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí Sọ́jà àti abo rẹ̀ ṣe rí ni Dádì àti Màmá rí nínú ìṣirò yìí. Màmá kò ní ju irú kan láti fún wa: A ti genotype, O ti blood group. Ọwọ́ Dádì ni gbogbo ìyàtọ̀ wà. Ìdajì ọmọ á gba S lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì á gba A. Ìdajì á gba O, ìdajì á gba A ti blood group. Irú ọmọ mẹ́rin ló lè jáde, ànfààní kan náà ni wọ́n sì ní: AA tó jẹ́ O, AA tó jẹ́ A, AS tó jẹ́ O, AS tó jẹ́ A. Bọ̀dá ni àkọ́kọ́. Èmi ni ìkẹrin. Pé àbúrò mi jẹ́ O bíi ti Bọ̀dá kò sún un mọ́ AA ní ìbú àtàǹpàkò kan. Ìdajì sí ìdajì ló wà kó tó dúró níwájú ilé O, ìdajì sí ìdajì náà ló ṣì wà lẹ́yìn tó wọlé.

Ó lọ ṣe àyẹ̀wò náà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. AS.

Kí n tó sọ ìyókù, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín tó wà nílé wa tipẹ́. Ẹni tó bá ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ babaláwo ti rí òfin Mendel láìmọ̀. Ẹyọ mẹ́jọ ló so mọ́ ẹ̀wọ̀n, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Tí wọ́n bá dà á sílẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè ṣí inú sókè tàbí kó dojú bolẹ̀, èyí tí ọ̀kan bá ṣe kì í pa èkejì láṣẹ. Ẹ to 2 mẹ́jọ, kẹ́ ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀ (2 × 2 × 2, títí á fi pé mẹ́jọ), 256 lẹ máa rí, iye odù Ifá gẹ́lẹ́. Èèyàn ní tirẹ̀ ní ẹyọ 23. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ títí 2 á fi pé 23, ó di 8,388,608. Iye ọ̀nà tí bàbá kan ṣoṣo lè gbà pín okùn rẹ̀ fún ọmọ nìyẹn. Ti ìyá náà tó bẹ́ẹ̀. Tí a bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ó ju 70 tírílíọ̀nù lọ. Àwọn okùn náà tún máa ń gé ara wọn fún ara wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó pínyà, nítorí náà iye yẹn gan-an kéré. Ẹ má wá béèrè mọ́ ìdí tí ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà, fi lè yàtọ̀ síra bí uṣu àti ẹ̀gẹ́.

(Uṣu tí mo kọ yẹn kì í ṣe àṣìkọ. Àwa Èkìtì kì í sọ pé iṣu. Ẹnu Èkìtì ọ̀hún náà kì í sì í ṣe àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀. Etí ló ń gbà wọlé. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n tọ́ ní Kánò lè má sọ ọ́ rí láyé rẹ̀.)

Òfin yìí ní ibi tó ti ń rọ̀. Bí ẹnìkan bá fi òwú so ẹyọ ọ̀pẹ̀lẹ̀ méjì mọ́ra, wọ́n á jọ máa ṣubú ni. Bẹ́ẹ̀ ni jíìnì méjì tí wọ́n sún mọ́ra lórí okùn kan náà ṣe ń bára wọn rìn. Thomas Hunt Morgan ló tú àṣírí yìí ní New York, láti nǹkan bí ọdún 1910 lọ, pẹ̀lú eṣinṣin tín-ín-tín tó máa ń rọ́ lé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1933. Lára èèyàn, jíìnì tó ń fa àìtó G6PD (èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa) àti èyí tí kì í jẹ́ kí ọkùnrin mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé jọ sún mọ́ra lórí okùn kan báyìí, wọ́n sì lè jọ wọ ìdílé kan. Ṣùgbọ́n genotype àti blood group ò sí lára àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀. Imú àti genotype ńkọ́? Jíìnì tó ń mọ ojú èèyàn pọ̀ lọ jàra, wọ́n fọ́n káàkiri orí ọ̀pọ̀ okùn. Imú bàbá lè wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ sì bá ẹ̀jẹ̀ ìyá nísàlẹ̀. Ìbejì pàápàá, àyàfi tí wọ́n bá jẹ́ irú tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì, Táíwò lè jẹ́ AA kí Kẹ́hìndé jẹ́ SS.

Àfẹ́sọ́nà àbúrò mi gba èsì tirẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. AC. Inú àbúrò mi dùn, ó ní, "Kò sí S níbẹ̀. Ṣebí ìwọ náà lo sọ pé àbùdá kì í tẹ̀ lé ara wọn? S mi wà lọ́tọ̀, C tirẹ̀ wà lọ́tọ̀."

Mo mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti pariwo òmìnira jù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ rèé: A, S àti C kì í ṣe àbùdá mẹ́ta. Àga kan ṣoṣo ni, lórí okùn 11, àwọn mẹ́ta ni wọ́n lè jókòó sí i. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní irú àga yìí méjì: bàbá á fi ẹnìkan jókòó sórí ọ̀kan, ìyá á fi ẹnìkan jókòó sórí èkejì. Tí ìyá bá gbé S kalẹ̀ tí bàbá sì gbé C kalẹ̀, ọmọ di SC. A máa ń rí C yìí láàárín àwa Yorùbá, SC sì wà lára àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Kì í sábà le tó SS, ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ ń gbé èèyàn dé ọsibítù, ó sì lè ba ojú jẹ́. Nínú AS àti AC, ànfààní mẹ́rin ló wà: AA, AS, AC, SC. Ọ̀kan nínú mẹ́rin.

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: "Tí a bá bí mẹ́rin, ọ̀kan ló máa ṣàìsàn nìyẹn. Tí àkọ́bí bá ti jẹ́ SC, mẹ́ta tó kù ti bọ́." Rárá o. Oyún kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀ tí wọ́n ka ẹran mẹ́rin sí, tí ẹni tó mú ọ̀kan ti dín in kù. Oyún kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tún ọ̀pẹ̀lẹ̀ dà ni. Kò rántí èyí tó ṣubú ṣáájú. Ẹ fojú inú wo ìdílé 256 tí tọkọtaya wọn rí bẹ́ẹ̀, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì bí ọmọ mẹ́rin. Bí ìṣirò bá lọ bó ṣe yẹ, 81 nínú wọn ò ní rí ọmọ SC kankan, wọ́n á sì máa sọ kiri pé irọ́ ni àwọn dókítà ń pa. Nínú 175 tó kù, ó kéré tán ọmọ kan á ní i. Ìdílé kan á bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní SC, àwọn ará àdúgbò á ní ayé ló ń ṣe wọ́n.

Bí àwọn méjèèjì ṣe máa parí ọ̀rọ̀ ara wọn, ọwọ́ wọn ló wà. Wọ́n ti lọ bá ẹni tó máa ń gba àwọn tọkọtaya nímọ̀ràn lórí genotype ní ọsibítù, wọ́n sì ṣì ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ìwé Bọ̀dá ò tíì dé di báyìí.

Abo adìyẹ Màmá tún pa ọmọ mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó kọjá, Sọ́jà ló ṣì gùn ún. Kí a tó ṣí agbọ̀n, Màmá ti sọ pé ọlọ́rùn-pípá ò ní pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, torí ti ìṣáájú ti tó márùn-ún. Mo bá wọn kà á. Méje.